Kò sí ọlọ́pàá, kò sí ẹ̀wọ̀n: báwo làwọn Viking ṣe ń fìyà jẹ ọ̀daràn?

Dèjì_Atọ́pinpin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ dájà sílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi. A jọ ń wo síríìsì kan nípa àwọn Viking láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí iná ò bá ti lọ a ti wà nídìí ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń pa ara wọn bí ẹni ń pa adìyẹ Kérésì, wọ́n tiẹ̀ la ẹ̀yìn bàbá kan níbì kan tí wọ́n fa ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ síta bí ìyẹ́ ẹyẹ, mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Àbúrò mi wá ní bó ṣe rí nìyẹn, wọn ò lófin kankan, àáké ẹni ni òfin ẹni. Mo ní irọ́ ni. Ìlú tí wọ́n ti ń pa ara wọn lójoojúmọ́ bẹ́ẹ̀, ta ló ń dáko, ta ló ń da àgùntàn, ta ló tiẹ̀ ń ráyè bímọ? Ṣùgbọ́n ibi tó ti wá mú mi ni pé ó ní "ó dáa, ṣé o rí ọlọ́pàá kankan níbẹ̀? ṣé o rí ọgbà ẹ̀wọ̀n?" mi ò sì rí ìkankan lóòótọ́.

Torí náà ìbéèrè mi rèé: tí wọ́n bá pa bàbá ẹ láyé ìgbà yẹn, ta lo máa lọ fẹjọ́ sùn? Ta ló máa mú ẹni náà? Kí ni wọ́n máa ṣe fún un?

Baba_Gúgúrú

Àáké bàbá ẹ ni wàá lọ fẹjọ́ sùn 😂 Mo ń ṣeré o. Ẹ jẹ́ káwọn tó mọ̀ ọ́n wá, mo ti jókòó.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn

Bọ̀dá Dèjì, ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ àbúrò yín náà ò jìnnà sí òótọ́ tó bẹ́ ẹ ṣe rò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ Viking yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ ni Viking, kì í ṣe ẹ̀yà, àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ kó ẹrù ẹlẹ́rù là ń pè bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n, màálù, àgùntàn, koríko tí wọ́n máa gé pa mọ́ de ìgbà òtútù, ohun tó ń gbà wọ́n lọ́kàn nìyẹn. Iceland ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ torí òfin tiwọn pọ̀ nílẹ̀ dáadáa. Nǹkan bíi 870 làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn láti Norway, nígbà tó máa fi di 930 wọ́n ti dá àpéjọ gbogbo ilẹ̀ sílẹ̀, Althing, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún nígbà tí ooru bá mú, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Wọn ò ní ọba o. Wọn ò ní sójà, wọn ò ní akódà, wọn ò ní ààfin. Àwọn olóyè kan wà tí wọ́n ń pè ní goði, àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan á mú goði tó bá wù ú bíi bàbá ìsàlẹ̀, tí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́ o lè kọ́rí sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbowó iṣẹ́ láti àpò gbogbo ìlú ni ẹni tó ń ké òfin. Òfin ò tíì sí nínú ìwé nígbà yẹn, inú orí ló wà, ọkùnrin yìí á dúró lórí àpáta á máa ké e sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́dún kan, tó fi jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ló máa fi ké e tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà òtútù 1117 sí 1118 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Àkójọ òfin yẹn là ń pè ní Grágás lónìí, ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ eérú, ẹ má bi mí pé kí ni pẹ́pẹ́yẹ ń wá nídìí òfin.

Ó yá, wọ́n ti pa bàbá ẹ. Ìwọ àti ẹbí ẹ lẹ máa pẹjọ́ fúnra yín, kò sí ìjọba tó máa bá yín pè é. Wàá lọ pe àwọn aládùúgbò tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti pa á, mẹ́sàn-án ni, pé kí wọ́n wá jẹ́rìí ní Althing, wàá sì sọ ọ̀rọ̀ ìpẹ̀jọ́ yẹn bí òfin ṣe ní kó o sọ ọ́ gẹ́lẹ́, tó o bá ṣì í sọ ẹjọ́ lè bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n ò sí níbẹ̀ rárá, lójú tèmi oúnjẹ ló fà á, òtútù tó gùn bẹ́ẹ̀ yẹn, ọmọ ilé ò tíì yó, ta ló fẹ́ máa gbé ẹja gbígbẹ fún ọ̀daràn nínú yàrá?

Ìyà tí wọ́n ní rèé. Tó bá fúyẹ́, owó ìtánràn ni. Tó bá le díẹ̀, wọ́n á lé ẹ kúrò nílẹ̀ yẹn fún ọdún mẹ́ta, o máa san owó kan tí wọ́n ń pè ní fjörbaugr, òrùka ẹ̀mí, kí wọ́n tó gbà kó o máa mí títí wàá fi rí ọkọ̀ wọ̀. Láàárín ìgbà yẹn ilé mẹ́ta péré ló láàbò fún ẹ, tí ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju ìrìn ọjọ́ kan lọ sí èkejì, o lè rìn láàárín wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó o bá sì pàdé èèyàn lójú ọ̀nà ìwọ lo máa yà kúrò, kó o yà jìnnà débi tí ẹnu ọ̀kọ̀ onítọ̀hún ò fi ní tó ẹ lára. Ẹ fojú inú wò ó, ọkùnrin kan ń rìn lọ, ó gbúròó ẹṣin lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré wọ inú koríko ó dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kọjá. Ìgbà ooru mẹ́ta ni wọ́n fún ẹ láti fi wá ọkọ̀, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tó o ṣì wà nílẹ̀, o ti di ti gbogbo ayé.

Èyí tó le jù ni skóggangr, ìtumọ̀ ẹ̀ ni lílọ sígbó. Ẹni tó bá kàn ti di ará igbó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un lóúnjẹ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọkọ̀ gbé e sọdá omi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́ lọ́nàkọnà, ilẹ̀ ẹ̀ àti ẹran ẹ̀ wọ́n á pín in, ẹni tó bá sì pa á, kò sẹ́ni tó máa gbowó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé igbó gidi ò fi bẹ́ẹ̀ sí ní Iceland, igi kúkúrú kúkúrú ló pọ̀ níbẹ̀. Orí àpáta àti inú ihò làwọn ará igbó ń sá sí.

Nítorí náà ẹ rí i pé àbúrò yín gbìyànjú. Òfin wà, ó tiẹ̀ pọ̀ débi pé ó lè súni. Ẹni tó máa mú un ṣẹ ni ò sí, àfi ìwọ àti àwọn èèyàn ẹ.

Dèjì_Atọ́pinpin

Haa, ẹ ṣeun gan-an sà. Ṣé gbogbo ẹni tó bá pààyàn ló máa di ará igbó nìyẹn? Torí nínú fíìmù wọ́n ń pààyàn wọ́n ń jẹun lọ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn

Ìyẹn dá lórí ohun tó o ṣe lẹ́yìn tó o pa á tán. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú òfin wọn. Wọ́n ya pípa sọ́tọ̀ kúrò lára ìpànìyàn ìkọ̀kọ̀. Tó o bá pààyàn, ọjọ́ yẹn náà ni wàá lọ sílé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ wàá sọ fún wọn pé èmi lágbájá ni mo pa tàmẹ̀dò, tó bá jẹ́ ẹbí òkú ló ń gbé ibẹ̀ tí ẹ̀rù wá ń bà ẹ́ pé wọ́n á ṣe ẹ́ léṣe, òfin gbà kó o kọjá lọ sílé tó tẹ̀ lé e. O sì gbọ́dọ̀ bo òkú náà káwọn ẹyẹ má baà jẹ ẹ́. Tó o bá ti ṣe èyí, víg nìyẹn, ẹjọ́ ṣì ń bẹ lọ́rùn ẹ o, ó sì lè gbé ẹ dé igbó, àmọ́ o láǹfààní láti sọ tẹnu ẹ, pé ó bú mi, pé òun ló kọ́kọ́ lù mí, ẹ sì lè parí ẹ̀ lówó. Tó o bá gbé òkú pa mọ́ tàbí tó o dákẹ́, morð nìyẹn, wọn ò ní gbọ́ àwáwí kankan lẹ́nu ẹ mọ́. Ojú àwọn èèyàn yẹn le sí ìbòbò ju ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ìyá_Tọ́lá

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ̀rù yín ń bà mí. Kéèyàn pa ọkọ ẹni tán kó wá kan ilẹ̀kùn ilé kejì pé ẹ kú àárọ̀, èmi ni mo pa á?? Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà lè pẹjọ́?

Lọ́yà_Abúlé

Àǹtí, ẹ̀yin lẹ bèèrè ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ṣeé ṣe. Nígbà tó yá wọ́n pa olóyè kan tó ń jẹ́ Arnkell, kò ní ọmọkùnrin, àwọn obìnrin ilé ẹ̀ ló jogún ẹjọ́ náà, ẹjọ́ ò sì lọ bó ṣe yẹ, ẹnì kan péré ni wọ́n dẹ́bi fún, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì lé e lọ. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé òfin jáde pé obìnrin ò gbọdọ̀ pe ẹjọ́ ìpànìyàn mọ́, ọmọkùnrin tí kò bá tíì pé ọdún 16 náà ò gbọdọ̀ pè é. Ṣé ẹ rí i, àwọn ọkùnrin kùnà, obìnrin ni wọ́n bọ́ fìlà lórí ẹ̀.

Àmọ́ níbi owó ẹ̀jẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Baugatal, kíkà òrùka. Kì í ṣe ẹni tó pààyàn nìkan ló ń sanwó, gbogbo ẹbí ẹ̀ ló ń san án fún gbogbo ẹbí òkú, ní ìpele ìpele: bàbá, ọmọ àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò apààyàn á san òrùka tó tóbi jù (òrùka ni wọ́n ń pe owó náà, ìwọ̀n fàdákà ni mark), mark 3, fún bàbá, ọmọ àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ẹni tó kú, àwọn tó tẹ̀ lé wọn á san mark méjì ààbọ̀, ó di mark 2, ó di mark kan ààbọ̀, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé orí àwọn ìbátan tó jìnnà réré. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé òfin yìí gbọ́n. Tó o bá mọ̀ pé màálù tìẹ ló máa lọ tí ọmọ àbúrò bàbá ẹ bá mutí yó tó fàáké bẹ́ èèyàn lórí, ṣé o ò ní gba àáké lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó jáde nílé?

Tí ẹni tó kú bá wá jẹ́ ẹni tí ò ní ọmọkùnrin, tí ò ní bàbá, tí ò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin, ọmọbìnrin ẹ̀ tí ò tíì relé ọkọ ló máa gba òrùka ńlá yẹn bí ọmọkùnrin, tó bá sì jẹ́ pé ẹbí tiẹ̀ ló jẹ gbèsè, òun náà á san án bí ọmọkùnrin. Títí ọjọ́ tó bá lọ́kọ. Ọjọ́ yẹn ni òfin ní kó ju àwọn òrùka náà sí itan àwọn ìbátan ẹ̀. Mo máa ń rò ó bí ọjọ́ yẹn ṣe máa rí, aṣọ ìyàwó lọ́rùn, gbèsè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

Ìyá_Tọ́lá

Ẹ gbà mí. Olè ńkọ́?

Lọ́yà_Abúlé

Olè burú lójú wọn ju apààyàn lọ, mo ní kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wá gba nǹkan ẹ lójú ẹ lọ́sàn-án gangan ọ̀daràn ni, àmọ́ ọkùnrin ni. Ẹni tó yọ́ gbé e lóru, ẹ̀tẹ́ ni. Ní Norway, láwọn ìlú ọjà, olè tó bá gbé nǹkan kékeré wọ́n á fá orí ẹ̀, wọ́n á da ọ̀dà sí i, wọ́n á lẹ ìyẹ́ mọ́ ọn, kó wá máa sáré kọjá láàárín èrò tí wọ́n á máa jù ú lókùúta.

Ẹjọ́ olè tó dùn jù wà nínú ìtàn Njáll, ọ̀kan lára àwọn ìtàn àtijọ́ Iceland. Ìyàn ń mú. Gunnar lọ fẹ́ ra oúnjẹ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Otkell, ìyẹn ò tà á fún un. Ìyàwó Gunnar, Hallgerðr, bá rán ẹrú lọ síbẹ̀ lóru pé kó lọ jí bọ́tà àti wàràkàṣì, kó sì sun ilé ìkẹ́rùsí yẹn kí wọ́n má mọ̀. Ó sun ún lóòótọ́, wọ́n rò pé iná kan ṣàdédé sọ ni. Ìgbà tí wàràkàṣì délé, Gunnar bi ìyàwó ẹ̀ níbi tó ti rí i, ọ̀rọ̀ ò gún, ó gbá a létí. (Ẹ rántí ìgbájú yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà táwọn ọ̀tá ká Gunnar mọ́lé tí okùn ọrun ẹ̀ já, tó ní kó fún òun ní irun ẹ̀ díẹ̀ kóun fi ṣe okùn, ìgbájú yẹn lobìnrin náà rán an létí. Kò fún un. Wọ́n pa á.)

Bí wọ́n ṣe wá mú olè rèé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kò sí ọlọ́pàá. Ọkùnrin ọlọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan, Mörðr, kó ọjà wẹ́wẹ́ fáwọn obìnrin kan pé kí wọ́n máa ti ilé dé ilé, kí wọ́n máa fún àwọn ìyá ilé, kí wọ́n sì rí ohun tí wọ́n máa fi san oore fún wọn, torí ohun tó bá pọ̀ jù lọ́wọ́ èèyàn tó sì fẹ́ kó kúrò níwájú òun ló máa yá a lára láti fi tọrẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi rìn. Hallgerðr gé wàràkàṣì fún wọn. Wọ́n gbé àwọn ègé yẹn wá, wọ́n tò wọ́n sínú abọ́ tí ìyàwó Otkell fi ń ṣe wàràkàṣì, ó bá a mu wẹ́kú.

Baba_Gúgúrú

Wàràkàṣì tú àṣírí! Gúgúrú mi ti tán o.

Mojí_London

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo dé Þingvellir níbi tí wọ́n ti ń ṣe Althing yẹn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ìsinmi iṣẹ́ ló gbé mi lọ sí Iceland, kò jìnnà sí Reykjavík, bọ́ọ̀sì ò pé wákàtí kan tó fi débẹ̀. Ilẹ̀ ló là sí méjì, àpáta dúdú ga bí ilé alájà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ gbọọrọ, omi ń ṣàn nísàlẹ̀, àsíá kan ló fi ibi tí wọ́n rò pé ẹni tó ń ké òfin ti ń dúró hàn. Atẹ́gùn ń fẹ́ débi pé mi ò gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sọ, mo wá ń rò ó pé báwo lẹnì kan ṣe ń ké òfin níbí tí gbogbo ìlú ń gbọ́ ọ, ẹni tó ń mú wa kiri ní àpáta yẹn ló ń dá ohùn padà.

Wọ́n tún fi ibú omi kan hàn wá níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ri obìnrin sínú omi, 18 làwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀, mo bú sẹ́kún. Àmọ́ ẹ má da ìyẹn pọ̀ mọ́ ayé tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí o. Ẹ̀yìn 1564 nìyẹn, nígbà tí ọba Denmark ti ń jọba lé wọn lórí tí ìjọ Luther sì ti dé, òfin panṣágà àti ọmọ àlè ni wọ́n fi pa wọ́n. Láyé tí wọn ò lọ́ba, kóòtù kì í pààyàn bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tí mo tún kọ́: tó o bá kọ ewì ìfẹ́ nípa obìnrin kan, skóggangr ni! Igbó tààrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ "adúmáradán" sí DM èèyàn láàárín òru, ẹ dúpẹ́ pé Nàìjíríà lẹ wà.

Dèjì_Atọ́pinpin

😂😂 Wọ́n á ti lé mi lọ sígbó láti ọdún 2014. Mo ti kà gbogbo ẹ̀ fún àbúrò mi o, ó ní òun ò tíì gbà. Ó ní tó bá jẹ́ pé ẹni tó jàre ló máa lọ fọwọ́ ara ẹ̀ mú ọ̀daràn, tálákà ńkọ́? Tí olóyè ló pa ọmọ ẹ̀ ńkọ́?

Lọ́yà_Abúlé

Àbúrò yín yìí, ẹ bá mi kí i. Ibẹ̀ gan-an lòfin náà ti ń jò.

Ìtàn Hrafnkell dáhùn ìbéèrè yẹn, àwọn onímọ̀ kan ní àròsọ pọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ bí ẹjọ́ ṣe ń rìn nínú ẹ̀ bá òfin mu. Olóyè ni Hrafnkell, ó lẹ́ṣin kan tó fẹ́ràn bí ojú, ó ti búra pé ẹni tó bá gùn ún láìjẹ́ pé òun ní kó gùn ún, òun máa pa á. Ọmọ tálákà kan tó ń da àgùntàn fún un gùn ún lọ́jọ́ kan torí àgùntàn sọnù, Hrafnkell fàáké pa á. Bàbá ọmọ lọ bá a, Hrafnkell ní òun kì í sanwó fẹ́ni kankan tóun bá pa, àmọ́ tìẹ yìí dùn mí, màá máa fún ẹ ní màálù tó ń ṣe wàrà nígbà ooru, màá máa fún ẹ lẹ́ran, màá tọ́jú ẹ títí wàá fi kú. Owó ńlá nìyẹn o. Bàbá ní rárá, òun fẹ́ káwọn jọ yan èèyàn tó máa dájọ́ láàárín àwọn. Hrafnkell ní ṣé o wá rò pé ẹgbẹ́ lèmi pẹ̀lú ẹ ni? Ó parí.

Sámr, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn, bá a gbé ẹjọ́ lọ sí Althing, ó mọ òfin bí omi, gbogbo olóyè tó bẹ̀ ló ń sá fún un àfi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá tí wọ́n lérò lẹ́yìn. Èrò yẹn ló jẹ́ kí ẹjọ́ jókòó, wọ́n dí ọ̀nà mọ́ Hrafnkell, kò rí àyè dé kóòtù láti rojọ́. Wọ́n dá a lẹ́bi, ó ti di ará igbó. Kí wá ni Hrafnkell ṣe? Ó gẹṣin lọ sílé, ó ń bá iṣẹ́ oko ẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀!

Torí òfin ní lẹ́yìn ọjọ́ 14 tí Althing bá túká, ẹni tó jàre ló máa lọ sílé ẹni tó jẹ̀bi fúnra ẹ̀, á ṣe kóòtù ìpíndúkìá níbẹ̀. Ẹ lọ ká olóyè mọ́lé ẹ̀. Wọ́n lọ lóòótọ́, ní ìdájí, wọ́n ká a mọ́ orí ibùsùn, wọ́n fọ̀bẹ lu ihò sẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀ òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ láàárín iṣan àti egungun, wọ́n ki okùn bọ̀ ọ́, wọ́n so wọ́n rọ̀ títí wọ́n fi pín dúkìá tán. Sámr wá ṣàánú ẹ̀, kò pa á, ó ní kó máa lọ. Àwọn tó ràn án lọ́wọ́ sọ fún un pé o máa kábàámọ̀ ẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Hrafnkell ti lówó padà níbòmíì, ó pa àbúrò Sámr, ó wá ká Sámr náà mọ́ orí ibùsùn, ó gba ilé ẹ̀ padà. Sámr lọ bá àwọn olóyè yẹn pé kí wọ́n tún gba òun, wọ́n ní a ti sọ fún ẹ.

Bó ṣe rí nìyẹn. Tálákà lè jàre, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ yá agbára lọ́wọ́ ẹlòmíì, alágbára sì lè gbà á padà lọ́jọ́ míì. Ìgbà tó di 1262 sí 1264 tí wọ́n gba ọba Norway, tí ìwé òfin tuntun, Jónsbók, sì wá dé ní 1281, ló di pé ìpànìyàn ti di ọ̀ràn sọ́ba, tí aṣojú ọba ń bá wọn lé ọ̀daràn.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn

Mo fara mọ́ Lọ́yà, àmọ́ kò máa ń já sí ti alágbára nígbà gbogbo. Eiríkr rauði pààyàn ní Iceland, wọ́n lé e lọ fún ọdún mẹ́ta ní nǹkan bíi 982, kò ribi lọ, ó tukọ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó fi ọdún mẹ́ta yẹn wo etí òkun Greenland káàkiri, ìgbà tí ìyà ẹ̀ pé ó padà wálé wá kó èèyàn lọ tẹ̀dó síbẹ̀. Grettir náà alágbára ni, nǹkan bí ọdún 19 ló fi jẹ́ ará igbó, akọni ọkùnrin tí kò lè dá sùn torí òkùnkùn ń bà á lẹ́rù, tó fi jẹ́ pé àwọn ará igbó bíi tiẹ̀ ló máa ń gbà sọ́dọ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ti sọ pé ará igbó tó bá pa ará igbó ẹgbẹ́ ẹ̀, ìyà tiẹ̀ máa dín kù. Ẹ wo irú oorun tó máa máa sùn. Erékùṣù Drangey ni wọ́n ti rí i pa nígbẹ̀yìn, ó ti ń ṣàìsàn, oògùn ni wọ́n fi mú un, nígbà tí ẹni tó pa á wá gbé orí ẹ̀ wá sí Althing pé kí wọ́n sanwó, wọ́n ní àjẹ́ lo ṣe, wọ́n lé òun náà kúrò ní Iceland.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró tẹ́ ẹ rí nínú síríìsì, inú ewì àtàwọn ìtàn tí wọ́n kọ lẹ́yìn tí ayé Viking ti kọjá ló ti wá, àwọn onímọ̀ ṣì ń jà lé e lórí, ọ̀pọ̀ wọn ní ṣe làwọn tó kọ ìtàn ṣi ewì àtijọ́ túmọ̀. Kò sí nínú Grágás.

Mojí_London

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un kí n tó lọ sùn. Ṣé ẹ rántí pé Akẹ́kọ̀ọ́Ìtàn ní 1117 sí 1118 ni wọ́n kọ òfin sílẹ̀? Ilé olóyè kan tó ń jẹ́ Hafliði Másson ni wọ́n ti kọ ọ́. Ní 1120, ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní Althing fúnra ẹ̀, olóyè kejì Þorgils Oddason fàáké gé ìka Hafliði já. Ẹni tí wọ́n kọ òfin nílé ẹ̀! Wọ́n ní Þorgils di ará igbó, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó kó èrò rẹpẹtẹ wá sí Althing, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ilẹ̀ yẹn gbiná, àwọn àlùfáà ló ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá gbà pé kí Hafliði fẹnu ara ẹ̀ dá iye tó bá fẹ́ gbà. Ó dá iye kan, owó náà pọ̀ débi pé ẹnì kan níbẹ̀ ní gbogbo Hafliði á mà wọ́n o, tó bá jẹ́ pé iye tí oríkèé ara ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ nìyí.

Dèjì_Atọ́pinpin

Mo kà á fún àbúrò mi. Ó ní òun ti gbà, òfin wà. Ó wá ní kí n bi yín léèrè pé ìka wo ni, ó fẹ́ ṣírò tiẹ̀.

Mojí_London

Ìka àárín ló já tán, ó kan àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ díẹ̀. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ ẹ̀ kúrò nídìí àáké.